Kì í ṣe kíláàsì ló ń tán yín lókun

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ sì ń yege. Àmọ́ introvert ni mí, ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń tètè sú. Bí mo bá fi máa délé lálẹ́, mi ò kì í lè dá ọkọ mi lóhùn ju “ẹ̀n-ẹ́n” lọ, àwọn ọmọ mi á sì máa wò mí bí ẹni pé inú ń bí mi sí wọn. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá ilé-ìwé wa wọlé wá wo bí mo ṣe ń kọ́ni. Wọ́n ní mo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kíláàsì mi ti “tutù jù”, kí n lọ wo tíṣà tó wà ní yàrá kejì bó ṣe máa ń fò sókè sódò. Mo gbìyànjú ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, díẹ̀ ló kù kí n kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé irú wa yìí ò yẹ fún iṣẹ́ tíṣà ni?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìfaradà, ìyá àwọn ọmọ. Irú yín yẹ fún iṣẹ́ tíṣà. Èmi tí mò ń dá yín lóhùn yìí, ọdún 26 ni mo fi kọ́ni kí n tó dé ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sú mi. Nílé-ìwé tí mo ti pẹ́ jù, yàrá kótópó kan wà lẹ́yìn yàrá àyẹ̀wò tí a ń kó ìgò sí. Ibẹ̀ ni mo máa ń sá sí lọ́sàn-án. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kíá, mo ti gbé ìgò kan dání bí ẹni tó ń kà wọ́n. Gbogbo ìgò yẹn ò ju 40 lọ. Ọdún 8 ni mo fi kà wọ́n.

Nínú lẹ́tà yín, gbólóhùn kan wà tí mo dì mú: ẹ ní ẹ fẹ́ràn iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ sì ń yege. Ẹni tí ìdúró níwájú ọmọ ń ni lára kì í kọ irú ẹ̀. Ilé lẹ tó ń mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín. Èyí ló jẹ́ kí n fura pé kì í ṣe inú kíláàsì ni omi ti ń jò, ibòmíì ni. Màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ introvert yẹn wò, nítorí àwọn èèyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di orúkọ àìsàn. Carl Jung, dókítà ọpọlọ ará Siwitsalandi, ló sọ introvert àti ìkejì rẹ̀, extravert, di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lọ́dún 1921. Ibi tí ọkàn èèyàn máa ń yíjú sí ló ń wí. Ti ẹnìkan á yíjú síta, sí èèyàn àti ohun tó ń lọ; ti ẹlòmíì á yíjú sínú, sí èrò ara rẹ̀. Kò sọ pé ẹni tó yíjú sínú kórìíra èèyàn, kò sì sọ pé ojú ń tì í. Lọ́dún 1967, Hans Eysenck, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àlàyé kan kalẹ̀ tó wọ̀ mí létí ju ti Jung lọ. Ó ní ọpọlọ irú wa ti wà lójúfò jù láti ilé, nítorí náà kì í pẹ́ kí ariwo àti ọ̀pọ̀ èèyàn tó kún un. Ti ẹnìkejì ló ń fẹ́ kí wọ́n máa ta á jí. Ìkòkò tí omi ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í gba púpọ̀ mọ́ kó tó ṣàn sílẹ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n tíṣà tó bá ti jókòó sínú yàrá àwọn tíṣà lásìkò ìsinmi ọ̀sán mọ ohun tí bàbá yẹn ń sọ.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni màá máa pè wá látìsinsìnyí. Ó bá wa mu ju òyìnbó yẹn lọ.

Philip Jackson, ọmọ Amẹ́ríkà tó jókòó pẹ́ nínú kíláàsì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti máa wò wọ́n, kọ ọ́ lọ́dún 1968 pé iye ìgbà tí tíṣà kan ń bá èèyàn ṣe pàṣípààrọ̀ ọ̀rọ̀ lóòjọ́ lè tó 1,000. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn o. “Jókòó.” “Mo gbọ́.” “Rárá, ojú ìwé kejì.” Ojú tí ẹ fi bá ọmọ wí láti òkèèrè wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n iye okun tí wọ́n ń gbà lára èèyàn ò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ yín wà.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń sọ nínú ẹ̀kọ́ ní ojú ọ̀nà. Alẹ́ àná lẹ ti múra ẹ̀ sílẹ̀. Ẹ mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ mọ ibi tó ń lọ, ipò tíṣà lẹ sì fi ń sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló máa ń gbádùn ẹ̀, bí òṣèré tí kì í sọ̀rọ̀ nílé ṣe máa ń gbádùn orí ìtàgé. Ọ̀rọ̀ tí kò lójú ọ̀nà ló ń jẹ wá run. Ẹ wo ìṣẹ́jú 10 tó wà láàárín ẹ̀kọ́ méjì.

Agogo lù. Ẹ ò tíì nu pátákó tán, ọmọ mẹ́ta ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì yín. Ọ̀kan ò lóye ìbéèrè kẹrin. Ọ̀kan fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ara òun ò yá lánàá lòun ò ṣe wá. Ìkẹta ò tíì mọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ṣáà dúró. Ẹ dá wọn lóhùn tán, ẹ kó ìwé 35 mọ́ àyà, ẹ jáde. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹlẹgbẹ́ yín kan dá yín dúró, ó ní ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ nípa àkókò ìdánwò. Ẹ ò tíì gbọ́. Ó sọ ọ́. Ẹ dé yàrá àwọn tíṣà, ẹnìkan ní kí ló dé tí ẹ fajú ro. Ẹ ò fajú ro, bí ojú yín ṣe rí nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín kí wọ́n lè gbà. Fóònù dún: òbí ni. Agogo tún lù, omi tí ẹ bù pé ẹ fẹ́ mu ṣì wà níbi tí ẹ gbé e sí.

Kò sí ẹ̀kọ́ kankan nínú ìṣẹ́jú 10 yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló gba okun tí ẹ ì bá fi dá ọkọ yín lóhùn lálẹ́. Ìdí tí ìmọ̀ràn ọ̀gá yín fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lé yín kúrò níbi iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n ní kí ẹ fi kún ohun tí ẹ ń ná, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ àpò yín ló ya.

Ẹ jẹ́ ká rán ẹ̀gbẹ́ àpò ná. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú ìwé kékeré kan dání. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti rí i pé okun yín dín kù, ẹ fa igi kan sí i, kí ẹ kọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ti tó. Nígbà tí mo ṣe tèmi, mo rò pé kíláàsì kan báyìí tó le bí ojú ẹja ni yóò gba gbogbo igi yẹn. Irọ́ ni. Dídúró ṣọ́ àwọn ọmọ níta lásìkò ìsinmi ló gba èyí tó pọ̀ jù. Mo wá bá ẹlẹgbẹ́ mi kan tó fẹ́ràn ìta ṣe pàṣípààrọ̀: ó gba ìṣọ́ tèmi, mo gba àkọsílẹ̀ orúkọ àwọn ọmọ tó wá àtàwọn tí kò wá, èyí tó máa ń sú u. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, kálukú wa ló ń rò pé òun rẹ́ ẹnìkejì jẹ.

Ti àwọn ọmọ tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ẹ gbé àpótí kan síwájú kíláàsì. Ìbéèrè tí kò bá kánjú, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kí wọ́n sọ ọ́ síbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ lẹ máa dáhùn ẹ̀. Ìsinmi èmi ni mo bá dé ìdí àpótí yẹn, àmọ́ ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: àwọn ọmọ tí kò jẹ́ wá síbi tábìlì láéláé ló ń kọ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ mú ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ tí ilẹ̀kùn yín á ṣí sílẹ̀ lọ́sàn-án fún ẹni tó bá fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn ní ọjọ́ mẹ́ta tó kù. Ọmọ tó ní wàhálà ilé, tàbí ẹni tí ojú ẹ̀ ti fi hàn pé nǹkan ṣe é, kò sí lábẹ́ òfin yìí o.

Kí ẹ sì wá ibi tí ẹ máa sá sí. Brian Little, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Kánádà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ, ti sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé ilé ìtọ̀ lòun máa ń fara pamọ́ sí bóun bá ti bá èrò sọ̀rọ̀ tán. Èmi ní ìgò. Ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tí kò sí èèyàn níbẹ̀, kò sì sí fóònù níbẹ̀. Èèyàn ló kún inú fóònù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé kíláàsì yín “tutù jù”. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, mo fẹ́ bá wọn jiyàn díẹ̀.

Mary Budd Rowe, ará Amẹ́ríkà, gba ohùn àwọn tíṣà sórí téèpù bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, ó wá wọn bó ṣe ń pẹ́ tó lẹ́yìn tí tíṣà bá ti béèrè ọ̀rọ̀. Nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde lọ́dún 1974, bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni tíṣà ń dúró kó tó tún ìbéèrè náà bi, tàbí kó pe ẹlòmíì, tàbí kó kúkú dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ àwọn tíṣà láti dúró tó ìṣẹ́jú-àáyá 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí wọn kò pè ń dá sí i, “mi ò mọ̀” dín kù, àwọn ọmọ sì ń fèsì ara wọn. Ibì kejì wà tí ó ní kí wọ́n ti dúró, èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dáhùn tán, kí tíṣà tó ya ẹnu.

Àwọn tíṣà tó ń yára yẹn kì í ṣe èèyàn burúkú. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ibẹ̀ lẹ ń gbé.

Ẹ dán an wò báyìí. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ dé ìgò mọ́ ọn lórí, iná kú. Ẹ béèrè pé kí ló pa á. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni. Ẹ máa kà á nínú yín. Ení: àwọn mẹ́ta tó máa ń nawọ́ ti nawọ́. Èjì: ẹ má wò wọ́n, ẹ wo ẹ̀yìn. Ẹ̀ta: ọmọ kan lẹ́bàá fèrèsé gbórí sókè. Ẹ̀rin: ètè ẹ̀ ti ń mì. Àrún: “Ṣé atẹ́gùn inú ẹ̀ ló tán ni?” Ẹ má tíì sọ pé ó káre. Ẹ tún kà dé ẹ̀ta. Ẹnìkan á fèsì látẹ̀yìn pé, “Kò lè tán pátá, ṣebí atẹ́gùn ṣì wà nínú ìgò.” Iyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, iyàn sáyẹ́ǹsì gidi, ẹ̀yin ò sì tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ. Frank Lyman, olùkọ́ni ará Amẹ́ríkà, náà là á sílẹ̀ lọ́dún 1981 pé kí ọmọ kọ́kọ́ dá rò ó, kó wá bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni kó tó di ti gbogbo kíláàsì. Ìṣẹ́jú 3 tí wọ́n bá fi ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, ọ̀nà ọ̀fun yín ń sinmi. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹlòmíì á ní ẹni tí kì í pariwo kò lè kápá ọmọ. Jacob Kounin, onímọ̀ ìwà ẹ̀dá ará Amẹ́ríkà, wádìí èyí, ó sì gbé e jáde lọ́dún 1970: bí tíṣà ṣe ń jágbe lẹ́yìn tí ọmọ bá ti ṣìwà hù kọ́ ló ya kíláàsì tó tòrò sọ́tọ̀ sí èyí tó dàrú. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé àwọn ọmọ mọ̀ pé tíṣà yìí ń rí gbogbo ohun tó ń lọ, ẹ̀kọ́ sì ń lọ geere láìdúró lójú kan. Ojú niṣẹ́ yẹn, ojú sì ni ẹni jẹ́jẹ́ ń lò jù. Bí ariwo bá sọ, ẹ dúró sójú kan náà nígbà gbogbo, ẹ dákẹ́, ẹ wò wọ́n. Bí ẹ bá ti wá sọ̀rọ̀, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ padà lọ bá ọ̀gá, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “introvert ni mí”. Etí ọ̀gá á kàn gbọ́ “ẹ má retí nǹkan lọ́wọ́ mi”. Ìwé ni kí ẹ mú lọ. Ẹ ya àwòrán ìjókòó kíláàsì yín, kí ẹ bẹ ẹlẹgbẹ́ kan tí ẹ fọkàn tán kó jókòó sẹ́yìn fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta, kó máa fa igi sí orúkọ ọmọ tó bá ti sọ ohun tó kan ẹ̀kọ́. Ti ẹ bá rí ọmọ 20 tó sọ̀rọ̀ nínú 35, ẹ gbé e fún ọ̀gá, ẹ ní ohun tí ẹ ń lépa nìyí, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún wá wò ó. Ẹ má mẹ́nu kan tíṣà yàrá kejì rárá. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àwọn 5 kan náà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀gá rí nǹkan, bí wọn ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Ìdákẹ́ àwọn tó ń ronú wà, ìdákẹ́ àwọn tó ti sùn lójú ṣíṣí náà wà. Láti ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan náà ni wọ́n jọ.

Mi ò ní gbè sẹ́yìn wa ju bó ṣe yẹ lọ. Àìdáa kan wà tó jẹ́ tiwa: ọmọ kì í rí ohun tó wà nínú wa. Inú yín lè máa dùn sí iṣẹ́ ọmọ kan débi pé ẹ ronú kàn án títí ẹ fi délé, kí ọmọ ọ̀hún sì lọ sùn pẹ̀lú èrò pé tíṣà ò fẹ́ràn òun. Mo ti ṣe é. Ọmọkùnrin kan tí mo kà sí ẹni tó mòye jù lọ nínú gbogbo àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ́dún yẹn ló bi mí lọ́jọ́ tó ń kúrò nílé-ìwé pé kí lòun ṣe mí. Látìgbà náà ni mo ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀ láti fi orúkọ kí wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú 2 ni. Bí ẹnu yín bá wúwo, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé wọn, gbólóhùn kan tó tọ́ka sí ohun tí ọmọ náà ṣe gan-an. Kí ẹ sì sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé bí ojú yín ṣe rí nìyẹn, pé bí ẹ bá dákẹ́, ẹ ń ronú ni.

Nípa fífò sókè sódò: lọ́dún 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Ọsirélíà tẹ iṣẹ́ kan jáde, níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn èèyàn máa ṣe bí ẹni tára rẹ̀ yá mọ́ èèyàn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Inú ọ̀pọ̀ dùn sí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́ gidi ò rí tó bẹ́ẹ̀ jẹ níbẹ̀. Ó rẹ̀ wọ́n, ó sì ń ṣe wọ́n bí ẹni pé àwọn kọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ̀yin fi ṣe tiyín. Mi ò ní kí ẹ má fò láé o. Ẹ mú ibi tó tọ́ sí: ìṣẹ́jú 5 àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ tuntun, tàbí ọjọ́ tí ẹ ń ṣe àyẹ̀wò tó máa dún gbàmù. Ọmọ ò ní gbàgbé tíṣà jẹ́jẹ́ tó fò lẹ́ẹ̀kan.

Ìpàdé àwọn tíṣà: ẹ béèrè lọ́jọ́ tó ṣáájú pé kí la fẹ́ sọ, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ ẹnì kejì tàbí ẹnì kẹta tó máa sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá dúró di ìgbẹ̀yìn, wọ́n á ti sọ ọ́ tán. Ìpàdé òbí: ẹ fi àkókò sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi àyè ìṣẹ́jú díẹ̀ sáàárín.

Kí n tó débi ọkọ yín, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Ṣé kí ẹ tó wọ kíláàsì ni àyà yín máa ń já, tí ẹ̀ ń wá gbogbo ọ̀nà láti sá fún un, àbí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kàn ń rẹ̀ yín? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù àwùjọ nìyẹn, ó ní ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ, ìtọ́jú náà sì máa ń ṣiṣẹ́. Ìkejì: bí ẹ bá sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, tàbí nígbà ọlidé, ṣé okun yín máa ń padà wá? Okun ẹni jẹ́jẹ́ máa ń padà. Bí kò bá padà, tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ò tún já mọ́ nǹkan lójú yín mọ́, tí ẹ sì ń rò pé kò sóhun tí ẹ ń ṣe tó yọrí, iṣẹ́ ti wọ̀ yín lára kọjá ààlà nìyẹn, ìgò kíkà ò lè wò ó sàn. Ẹ lọ rí dókítà. Látinú lẹ́tà yín, kò jọ pé ẹ ti débẹ̀.

Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ lọ́jọ́ tí kò rẹ̀ yín. Ẹ ní ìṣẹ́jú 20 lẹ ń fẹ́ bí ẹ bá ti wọlé, láìsí ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ẹ ti di tiwọn. Ohun tó máa ń dun ará ilé ni pé wọn ò mọ ìgbà tí ìdákẹ́ yẹn máa parí. Ti àwọn ọmọ, ẹ fún wọn ní ohun tí wọ́n lè fojú rí. Èmi máa ń gbé aago kékeré kan sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi. Ọmọ mi obìnrin á jókòó tì í níta, á máa kígbe pé, “Ó ku mẹ́rin! Ó ku mẹ́ta!” Kò jẹ́ kí n sinmi tán, àmọ́ kò tún bi mí mọ́ pé ta ló bí mi nínú.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fa igi yẹn láti ọjọ́ Ajé. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, ká jọ wo ohun tó gba igi jù.